Ọṣẹ Lẹ́nu Ihò Ọ́ìlì

Bóòtù tí wọ́n fi ń dé ihò ọ́ìlì ọkọ̀ mi kò gùn ju àtàǹpàkò ọmọdé lọ. Sípánà nọ́ńbà mẹ́rìnlá ló bá orí rẹ̀ mu, ìbú ara rẹ̀ jẹ́ mìlímítà méjìlá, wáṣà kan tó fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà sì wà láàárín rẹ̀ àti àwo irin tí ọ́ìlì ń dúró sí lábẹ́ ẹ́ńjìnì. Tí ènìyàn bá fẹ́ dè é, kó fi ọwọ́ lásán yí i wọlé títí yóò fi kan wáṣà, kó wá fi sípánà kékeré fà á lẹ́ẹ̀kan, títí ọwọ́ yóò fi mọ̀ pé wáṣà ti tẹ̀. Ó parí. Ẹni tó bá tún fi irin gígùn kún ìdí sípánà, tó gbé ìwúwo ara rẹ̀ lé e, kì í ṣe bóòtù ló ń dè mọ́, ọkọ̀ ló ń pa.

Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún wá bẹ̀ mí. Wọ́n ti bẹ̀ mí tó.

Aṣọ ni mo ń tà lọ́jà Kaneshie. Accra ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ náà ni mo dàgbà sí, àwọn ará Ghana sì ń pè mí ní Alata bí wọ́n ṣe ń pe gbogbo Yorùbá tó wà níbí. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi níṣẹ́ ọkọ̀. Ọdún tí mo ra ọkọ̀ Japan kékeré kan tó ti lo ọdún mọ́kànlá lọ́wọ́ àwọn ẹlòmíràn, mo bá ìwé rẹ̀ nínú àpótí iwájú, mo sì kà á láti ojú ìwé àkọ́kọ́ dé èyí tó kẹ́yìn bí ẹni tó fẹ́ ṣèdánwò. Ohun tí kò yé mi, mo wò ó lórí fóònù títí ó fi yé mi. Mo ní ìwé kékeré kan tí mò ń kọ gbogbo rẹ̀ sí: ọjọ́ tí wọ́n yí ọ́ìlì padà, iye kìlómítà tí ọkọ̀ ti rìn, irú ọ́ìlì tí mo rà, àwọ̀ èyí tó jáde. Lítà mẹ́rin ó dín ife tíì kan ni ẹ́ńjìnì mi ń gbà tí a bá pààrọ̀ fílítà mọ́ ọn. Kì í rìn ju ẹgbẹ̀rún márùn-ún kìlómítà lọ kí wọ́n tó yí i padà.

Nígbà tó yá, àwọn ará ìlú wa tó wà ní Accra bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí. Ẹni tó bá fẹ́ ra ọkọ̀ á ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá mi wò ó.” Màá tẹ́tí sí ẹ́ńjìnì, màá fi àkísà dí ẹnu páìpù èéfín kí n gbọ́ ohun tó máa sọ, màá wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ tòun ti tọ́ọ̀ṣì. Mi ò gba nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju aṣọ tí mò ń tà lọ. Ohun tí mo bá sọ nípa ọkọ̀, wọ́n ń gbà á gbọ́, ìgbàgbọ́ yẹn sì ni ohun kan ṣoṣo tí mo ní tí n kò jogún lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Èmi fúnra mi ni mo wá a.

Ẹ lè bi mí pé kí ló dé tí èmi tí mo mọ gbogbo èyí kò yí ọ́ìlì náà padà fúnra mi. Onílé wa kò gbà kí ọ́ìlì kán sórí sìmẹ́ǹtì rẹ̀, ìyẹn ni ìdí kan. Ìdí kejì ni Bàbá Fítà.

Fítà ni wọ́n ń pe mẹkáníìkì ní Accra. Ọmọ ìlú wa ni bàbá náà. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún dáadáa, gáréèjì rẹ̀ sì wà lẹ́yìn ibùdókọ̀ Kaneshie, níbi tí àwọn awakọ̀ trotro, ọkọ̀ akérò ìgboro, ti ń tún ọkọ̀ wọn ṣe. Nígbà tí bàbá mi kú, òun ló fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé òkú dé itẹ́, òun ló dúró ti ìyá mi títí gbogbo rẹ̀ fi parí. Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni nínú ilé wa tó lè gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ fítà mìíràn. Tí o bá gbé e lọ síbòmíràn, bí ìgbà tí o bú u ní gbangba ni.

Mo ní àṣà kan. Lẹ́yìn tí fítà bá ti parí iṣẹ́, kí n tó gbé ọkọ̀ kúrò, màá tẹ́ páálí sílẹ̀, màá sùn lé e, màá fi tíṣù funfun nu ìdí bóòtù náà. Màá wá tan ẹ́ńjìnì fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, màá tún nù ún. Tí tíṣù kejì bá funfun bíi ti àkọ́kọ́, mo lọ nìyẹn. Gbogbo fítà tó fọwọ́ kan ọkọ̀ mi kí bàbá mi tó kú ni mo ti ṣe é fún. Ní ti Bàbá Fítà, mo máa ń dúró kó yíjú síbòmíràn, kó lọ bu omi tàbí kó lọ dá ẹnìkan lóhùn, kí n tó yára bẹ̀rẹ̀ wò ó. Àgbàlagbà ni. Kò yẹ kí ojú rẹ̀ rí i pé mò ń yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo gbé ọkọ̀ lọ kó lè yí ọ́ìlì rẹ̀ padà. Oníbàárà kan pè mí sí ṣọ́ọ̀bù, mo sì fi Bàbá sílẹ̀ sídìí iṣẹ́ fún bíi wákàtí kan. Nígbà tí mo padà, ó ti ṣe é tán, ó ń nu ọwọ́. Àgbàlagbà méjì kan láti ìlú wa jókòó lórí bẹ́ǹṣì, wọ́n wá kí i.

Ó ní, “Ẹ̀yin ni mo ń sọ fún. Ọmọ wa nìyí, ó mọ ọkọ̀ ju àwa tí a fi ọdún méje kọ́ ọ lọ.”

Ọ̀kan nínú wọn ní, “Ìwọ lo jẹ́ kó ríbi jókòó, ìwọ náà ló máa lé dìde.” Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Mo dúró kí Bàbá yíjú. Kò yíjú. Ó dúró ti bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ń wò mí, àwọn àgbàlagbà méjì náà ń wò mí. Tí mo bá sùn sílẹ̀ lákòókò yẹn, bí ẹni tó ń ka ẹran inú ọbẹ̀ níwájú ẹni tó sè é ni. Mo dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, mo ní, “Ẹ ṣeun, Bàbá. Ẹ ó jẹun ọmọ pẹ́.” Mo wọ ọkọ̀, mo lọ. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn látìgbà tí mo ti ra ọkọ̀ náà tí mo gbé e kúrò ní gáréèjì láìwo abẹ́ rẹ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀, mo gbé páálí ọṣẹ mẹ́jọ fún ìyá mi. Ọṣẹ ni ìyá mi ń tà, ọṣẹ gígùn tí wọ́n fi ń fọṣọ àti ọṣẹ dúdú, ìsọ̀ rẹ̀ kò sì jìnnà sí gáréèjì Bàbá Fítà rárá. Ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Orí títì tó ń bọ̀ láti àdúgbò Mallam la wà, láàárín gbùngbùn ọkọ̀, nígbà tí iná pupa tó ní àwòrán ife ọ́ìlì tàn níwájú mi. Mo mọ ohun tí iná yẹn ń sọ. Ìwé ọkọ̀ kọ ọ́ ní lẹ́tà ńlá: pa ẹ́ńjìnì lójú ẹsẹ̀. Àmọ́ trotro wà lẹ́yìn mi, òmíràn wà lọ́tùn-ún mi, wọ́n ń fọn fèrè, kí n sì tó rí àyè bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, mo ti gbọ́ ọ. Kọ, kọ, kọ. Irin ń gbá irin láìsí ọ́ìlì láàárín wọn.

Ìyá mi ní, “Kí ló dé?”

Mo sọ̀ kalẹ̀, mo wo ẹ̀yìn. Ìlà dúdú kan tẹ̀lé wa bọ̀ lórí ọ̀dà. Mo ní, “Ọ́ìlì ti dà nù tán, Màámi.”

“Ọ́ìlì wo? Ṣebí ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni Bàbá ṣe é.”

Wọ́n fà wá dé gáréèjì tó sún mọ́ wa jù. Ará Ga ni fítà ibẹ̀, n kò mọ̀ ọ́n rí. Ó bá wa kẹ́dùn lákọ̀ọ́kọ́, “Kosɛ, Alata, kosɛ,” ó sì wọ abẹ́ ọkọ̀. Kò mú sípánà dání. Ìka méjì ló fi yọ bóòtù náà bí ẹni tó ń yọ ìdérí igo. Ó gbé e sí imú, ó gbóòórùn rẹ̀, ó sì bú sẹ́rìn-ín.

Ó sọ ọ́ ní èdè Twi, ó pariwo kí àwọn tó kù lè gbọ́: “Alata, a mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ ni ọṣẹ! Ẹ wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi wẹ ẹ́ńjìnì?”

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín, torí pé orúkọ wa ni àwọn ará Ghana fi ń pe ọṣẹ dúdú, alata samina. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Mo gba bóòtù náà. Òwú ìránṣọ funfun ni wọ́n wé mọ́ eyín rẹ̀, ìgbà mẹ́sàn-án, mo tú u, mo kà á. Wọ́n wá fi ọṣẹ gígùn aláwọ̀ ìyeyè rẹ́ ẹ lórí. Mo fi tọ́ọ̀ṣì wo inú ihò náà. Eyín tó yẹ kó di bóòtù mú ti jẹ tán, ara ihò ń dán bí inú ife.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ọ̀ràn ọṣẹ yìí, nítorí kì í ṣe were ni wọ́n ń fi ṣe. Tí táǹkì epo bẹntiróòlù bá ń jò lójú ọ̀nà, ẹ fi ọṣẹ gígùn rẹ́ ojú ibẹ̀, ẹ ó dé ilé. Bẹntiróòlù kì í yọ́ ọṣẹ, táǹkì kì í sì í gbóná. Ọgbọ́n àgbà ni, mo ti ṣe é rí. Àmọ́ ọ́ìlì ẹ́ńjìnì máa ń gbóná ju omi híhó lọ. Ní ìgbóná yẹn ọṣẹ á rọ̀, òwú á yọ̀, ẹ́ńjìnì tó ń gbọ̀n á sì máa tú bóòtù díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó ti fi ogójì ọdún tú ẹ́ńjìnì mọ èyí. Kò ṣe é ṣe kó má mọ̀ ọ́n.

Nígbà tí fítà náà tú ìdí ẹ́ńjìnì, ohun tó kù nínú àwo ọ́ìlì ń tàn yẹ́ríyẹ́rí bí ìpẹ́ ẹja. Irin inú ẹ́ńjìnì ló ti lọ̀. Ó mi orí, kò rẹ́rìn-ín mọ́. “Boss, èyí ti lọ. Ẹ lọ wá òmíràn lọ́jà àlòkù ní Agbogbloshie.”

Ìyá mi gba bóòtù náà lọ́wọ́ mi. Ó fi èékánná họ ọṣẹ ara rẹ̀, ó gbóòórùn rẹ̀. A ti jókòó sínú takisí kó tó lanu.

“Ìdí ọjà mi ló ti gbà á,” ó ní. “Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ó ní kí n gé díẹ̀ fún òun, òun fẹ́ fọ ọwọ́.”

Mo ní, “Ṣé ẹ rí i báyìí?”

“Mo rí i. Ìwọ náà rí i. Má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.”

“Màámi!”

“Ta ló gbé òkú bàbá rẹ? Ṣé ẹ́ńjìnì ló gbé e?”

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, mo gun trotro lọ sí Kaneshie, mo fi bóòtù náà sínú ọ̀rá. Bàbá Fítà ń mu kókó, àwọn awakọ̀ bíi mẹ́fà jókòó yí i ká. Mo dọ̀bálẹ̀ kí i. Mo bẹ̀rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́, Ọlọ́run ni ẹlẹ́rìí mi. Mo ní, “Bàbá, ẹ́ńjìnì ọkọ̀ mi ti bàjẹ́. Bóòtù ọ́ìlì ló tú. Ọṣẹ ni mo bá lára rẹ̀.”

Kò wo ọ̀rá náà. Ó ní, “Bóòtù tí ìwọ fúnra rẹ máa ń tú, tí o máa ń dè?”

“Mi ò fọwọ́ kàn án, Bàbá.”

“Ìwọ ni o kì í fọwọ́ kan nǹkan? Ìwọ tí o kọ́ṣẹ́ nínú fóònù?” Ó yíjú sí àwọn awakọ̀ náà, ó tú u sí Twi fún wọn, wọ́n sì pa ẹ̀rín. “Fóònù ti kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń tú u, kò tíì kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń dè é. Lọ ra dátà sí i.”

Ọ̀kan nínú àwọn awakọ̀ náà, ọkùnrin gíga kan tí ọkọ̀ rẹ̀ wà nínú àgbàlá níbẹ̀, fi ọwọ́ lu itan, ó ní, “Master, ẹ má pa wá!”

Ìgbà yẹn ni mo sọ ọ́. Mo ní, “Irọ́ lẹ pa.”

Ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá mọ ohun tí mo ṣe. A lè sọ fún àgbàlagbà pé kò rí bẹ́ẹ̀. A lè sọ pé bóyá wọ́n gbàgbé ni, tàbí pé ẹni tó sọ fún wọn kò sọ ọ́ dáadáa. Ọ̀nà mẹ́wàá ló wà, mo mọ gbogbo wọn, ìyá mi fi pàṣán kọ́ mi. Mo fò wọ́n kọjá. Bàbá gbé ife kókó rẹ̀ sílẹ̀, ó ní, “Ẹ gbọ́ o. Ó ní mo parọ́.” Láti ìṣẹ́jú yẹn, kò sí ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnì mọ́. Ọ̀rọ̀ ẹnu mi ló kù.

Kó tó di ọjọ́ Àìkú, ó ti dé etí gbogbo ènìyàn. Ọmọ yẹn ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ ba ọkọ̀ rẹ̀ jẹ́, ó wá lọ ń pe àgbàlagbà ní òpùrọ́. Àwọn tó mọ̀ mí, tí mo ti bá wo ọkọ̀, ni wọ́n ń gbé e kiri. Ọkùnrin kan tí a jọ fẹ́ lọ wo ọkọ̀ tó fẹ́ rà pè mí ní alẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má wulẹ̀ ṣe wàhálà mọ́. Mo ti rí ẹlòmíràn tó máa bá mi wò ó.” Ó sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀ gidigidi. Tó bá ṣe pé ó bú mi ni, ìbá sàn fún mi. Ẹ́ńjìnì ṣe é pààrọ̀. Ìgbàgbọ́ tí ó ń mú lọ yìí, kò sí i ní Agbogbloshie.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, wọ́n pè wá sílé Àlàájì ní Cow Lane. Àlàájì ni olórí àwọn ará ìlú wa ní Accra, ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, iwájú rẹ̀ ni gbogbo ẹjọ́ wa ń parí sí. Bàbá Fítà jókòó lọ́tùn-ún rẹ̀. Àwọn àgbàlagbà méjì tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun wà níbẹ̀. Ìyá mi jókòó sítòsí ẹnu ọ̀nà.

Àlàájì ní, “Ṣé lóòótọ́ lo sọ fún un pé ó parọ́?”

“Mo sọ ọ́, Bàbá. Ẹ jẹ́ kí n fi ohun tó fà á hàn yín.” Mo na ọwọ́ mú ọ̀rá mi.

“Gbé e kúrò níwájú mi. Ẹjọ́ bóòtù kọ́ la pè ọ́ wá ṣe.”

“Àmọ́ bóòtù náà ni ẹjọ́, Bàbá.”

Ọ̀kan nínú àwọn àgbàlagbà náà ní, “Ẹ ò rí i? Ó tún ń dá wọn lóhùn. Ẹ́ńjìnì á bàjẹ́, a ó ra òmíràn. Ta ló ń ra bàbá?”

Àlàájì ní, “Dọ̀bálẹ̀ fún bàbá rẹ, kó tán.”

Mo wo ìyá mi. Ilẹ̀ ló ń wò. Ìbínú gbé mi débi pé mò ń gbọ́ ẹ̀jẹ̀ nínú etí mi. Èmi tí wọ́n bà lọ́kọ̀ jẹ́, èmi ni kí n dọ̀bálẹ̀. Àmọ́ ohun tí mo sọ, mo sọ ọ́. Mo bọ́ fìlà, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, mo da àyà délẹ̀, mo gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lélẹ̀. Mo ní, “Ẹ má bínú, Bàbá. Kò yẹ kí n sọ pé ẹ parọ́. Mo tọrọ àforíjì.”

Bàbá Fítà ní, “Ó ti tó. Dìde.”

Mi ò dìde.

“Mo ní kí o dìde.”

Mo ní, “Bàbá, mo ti bẹ̀ yín fún ẹnu mi. Ó ku ọkọ̀. Tó bá jẹ́ èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi bà á jẹ́, ẹ tún un sọ báyìí, bí mo ṣe wà lórí ilẹ̀ yìí. Ẹ sọ ọ́ lé mi lórí. Màá dìde, màá gbé bóòtù mi, ẹ ò sì ní gbọ́ ọ lẹ́nu mi mọ́ títí tí n ó fi kú.”

Bí ọmọ bá dọ̀bálẹ̀, tí àgbà ní kó dìde, tí kò dìde, ọrùn àgbà ni ẹrù náà wà. Kò lè jókòó jẹun. Kò lè bọ́ síta, torí pé yóò ní láti gba orí ọmọ náà kọjá. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo ń sùn lọ. Mi ò ní parọ́ pé n kò mọ̀.

Àlàájì ní, “Ìwọ ọmọ yìí, ṣé ìdọ̀bálẹ̀ lo fẹ́ fi jà?”

Kápẹ́ẹ̀tì ibẹ̀ ní àwòrán onígun mẹ́fà mẹ́fà, aláwọ̀ ewé àti aláwọ̀ ilẹ̀, mo ka mọ́kànlélógún níwájú ojú mi. Wọ́n pe orúkọ mi, wọ́n ki oríkì mi, wọ́n ní kí n wo ti bàbá mi tó ti lọ. Ọrùn ń dùn mí. Mo tún un kà.

Ohùn ìyá mi ni mo gbọ́ lẹ́yìn náà, kò pariwo. “Bàbá, ọwọ́ mi lẹ ti gba ọṣẹ yẹn.”

Bàbá Fítà ló fèsì.

“Eyín ihò náà jẹ mọ́ mi lọ́wọ́,” ó ní. “Irin gígùn ni mo fi kún sípánà. Nígbà tí mo gbọ́ tó ta, mo mọ̀ pé ó ti tán. Ó yẹ kí n sọ fún ọ. Àwọn yìí jókòó síbẹ̀, wọ́n ń wò mí. Mo wé òwú mọ́ ọn, mo fi ọṣẹ rẹ́ ẹ. Mo ní tó bá di ọjọ́ kejì màá pè ọ́ kí o gbé e padà wá.”

Mo ní, “Ẹ ò pè mí.”

“Mi ò pè ọ́.” Ó mí kanlẹ̀. “Ṣé o rò pé mi ò mọ̀ pé o máa ń wo abẹ́ ọkọ̀ lẹ́yìn mi? Láti ọdún wo? Èmi ni mo máa ń lọ bu omi tí òùngbẹ kò gbẹ mí, kí o lè rí àyè wò ó. Lọ́jọ́ yẹn, mi ò yíjú. Mo mọ̀ pé tí mo bá ń wò ọ́, o ò ní bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí o dọ̀bálẹ̀ tí o lọ, mo ní Ọlọ́run ló bò mí láṣìírí.”

Mo dìde nígbà yẹn. Kò sẹ́ni tó ní kí n dìde. Ọ̀wọ̀ tí mo bù fún un, òun ló fi dí ihò náà, ju ọṣẹ lọ. Ó mọ ibi tí ẹ̀kọ́ ilé mi ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí, bí mo ṣe mọ ìwọ̀n bóòtù, ó sì lò ó fún mi.

Àlàájì ní, “Ó tán. Ẹ gbé nǹkan mímu wá.”

Mo ní, “Kò tíì tán, Bàbá. Nínú gáréèjì, níwájú àwọn awakọ̀, ni wọ́n ti sọ pé èmi ni. Kí wọ́n sọ èyí náà níbẹ̀.”

Àlàájì wo Bàbá Fítà. Bàbá Fítà mi orí pé òun gbọ́. Mi ò mu nǹkan mímu wọn.

Ní ọjọ́ Ajé mo débẹ̀ kí agogo mẹ́jọ tó lù. Àwọn awakọ̀ náà ti wà níbẹ̀, ọkùnrin gíga ọjọ́sí wà láàárín wọn, ọkọ̀ rẹ̀ dúró lẹ́yìn rẹ̀ gan-an. Bàbá Fítà rí mi, ó nu ọwọ́, ó sì sọ ọ́. Ó sọ gbogbo rẹ̀, irin gígùn, òwú, ọṣẹ, ní Twi tó já gaara. Ìlérí tó ṣe, ó mú un ṣẹ. Àmọ́ bó ṣe sọ ọ́! Ó fi ọwọ́ ṣe bó ṣe ń wé òwú bí ẹni tó ń dirun fún ọmọge. Ó ṣe ohùn ìyá mi nígbà tó ń gé ọṣẹ. Ó fi ara hàn wọ́n bí ó ṣe dúró ti bọ́nẹ́ẹ̀tì, tó fẹ́ ojú, tí mò ń dọ̀bálẹ̀ tí mò ń dúpẹ́. Ó ní, “Ọmọ yìí ò mọwọ́ mẹsẹ̀. Èmi ni. Èmi àgbà ni mo fi ọṣẹ wẹ ẹ́ńjìnì rẹ̀!”

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ọkùnrin gíga náà rẹ́rìn-ín ju gbogbo wọn lọ, ó ń lu itan. Mo dúró sáàárín wọn, òótọ́ tí mo fi àyà lẹ̀ mọ́lẹ̀ gbà ti di àwàdà òwúrọ̀ Ajé, inú sì bí mi ju ti ọjọ́ tí wọ́n ń purọ́ mọ́ mi lọ. Mo wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹ̀rín ọkùnrin gíga náà ló kọ́kọ́ tán. Ó wo Bàbá. Ó wo ọkọ̀ rẹ̀. Ó bi mí, pẹ̀lú ohùn kékeré, “Alata, apá ibo ni bóòtù yẹn máa ń wà?”

Mo fi hàn án. Ó kúnlẹ̀ nínú iyẹ̀pẹ̀, ó tẹ̀ wọ abẹ́ ọkọ̀ dé èjìká, ó na ọwọ́. Àwọn tó kù ṣì ń rẹ́rìn-ín. Ó pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tó jáde, ó wo orí ìka rẹ̀, ó sì gbé e sí imú.